Ẹnu àbúrò mi ṣàdédé wọ́, ṣé ká ra àńtíbíótíìkì fún un?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí la wà. Àárọ̀ àná ni àbúrò mi obìnrin jí tí ẹnu ẹ̀ ti wọ́ sápá ọ̀tún, ojú òsì ò ṣeé pa dé, tó bá mumi ó ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ le dáadáa. Màámi ní ká wá ẹni tó máa sín gbẹ́rẹ́ fún un, ẹni tó ń ta oògùn ní Ouando ní ká ra amọ́ksísílìnì, ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà náà ní àńtíbíótíìkì ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún. Èwo ni ká ṣe?

Ìyá Ìbejì (nọ́ọ̀sì): Ẹ má rà á o! Ẹ ní kó hun iwájú orí. Tápá òsì ò bá hunjọ rárá, iṣan ojú ló wú tí egungun lẹ́yìn etí wá ń fún un, àwọn dókítà ń pè é ní Bell's palsy. Tó bá hunjọ dáadáa tó jẹ́ ẹnu nìkan ló wọ́, tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu ẹ̀, ẹ sáré, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, dókítà lónìí. Prẹdinisolónì, oògùn tó ń dín wíwú kù, ló ń ṣiṣẹ́ fún ti iṣan ojú, wákàtí 72 àkọ́kọ́ ló sì dáa jù. Ìwádìí kan láti Scotland, 2007, èèyàn 551: lẹ́yìn oṣù 9, bíi 94 nínú 100 tó lò ó ni ojú wọn padà sípò, àwọn tí ò lò ó ò ju bíi 82 lọ.

Bàbá Kétu: Ẹ̀gbọ́n yín ò parọ́ ṣá. Eégbọn kan wà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó ń kó àrùn Lyme ranni, bakitéríà ni, ó máa ń mú ojú wọ́, dọksisáíkílìnì ni wọ́n fi ń wò ó. Tiyín níbí ò jọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni Bàbá. Tiyín ò gba àńtíbíótíìkì, àfi tí etí bá ń ṣọyún, ìyẹn náà dókítà ló máa sọ.

Àdùkẹ́ Ṣábẹ̀: Ojú yẹn ni kẹ́ ẹ tọ́jú jù! Ti ọkọ mi, oògùn àkánsójú lọ́sàn-án, lálẹ́ a ó rọra fà á dé ká lẹ̀ ẹ́, kó má baà gbẹ kó dọgbẹ́.

Olùbéèrè: Iwájú orí òsì ò mira rárá, etí ò ṣọyún. A ti pe zémìján (ọ̀kadà). Àbúrò mi ń fún ọmọ lọ́mú o, ṣé kò séwu?

Ìyá Ìbejì: Sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn, mú ìwé ìwòsàn ẹ̀ dání.