Alága káńsù wa ní owó oṣù wa ló ń jẹ owó ìlú tán: ìwé wo ni kí ẹgbẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Wolé-wolé Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa owó ìjọba ìbílẹ̀ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí àwa tí ọ̀rọ̀ kàn ti ń pariwo débi pé a ò gbọ́ ohùn ara wa mọ́.

Wolé-wolé ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá tó wà n'Ìbàdàn. N ò ní dárúkọ èyí tó jẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi kún owó oṣù, alága wa ò ní ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu ju pé òṣìṣẹ́ ló ń run owó ìlú. Ó sọ ọ́ níbi ìpàdé àwọn mọ́gàjí, ó sọ ọ́ lórí rédíò, ó tún wá sọ ọ́ lójú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, NULGE, nígbà tí wọ́n lọ bá a nítorí lífù bónọ́ọ̀sì tí a ò tíì rí gbà. Ó ní kò sówó. Ó ní tí òun bá ti san owó oṣù tán, ohun tó kù ò tó gbẹ́ gọ́tà kan.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkọ̀ tuntun dé fún àwọn káńsẹ́lọ̀. Wọ́n tò wọ́n sí àárín àgbàlá, wọ́n so ríbọ́nù mọ́ wọn, pásítọ̀ gbàdúrà, áfáà náà gbàdúrà. Ojú fèrèsé ọ́fíìsì wa ni mo ti ń wò wọ́n. Nínú ọ́fíìsì yẹn kan náà, ẹ̀rọ tí a fi ń fín oògùn ẹ̀fọn ti ya lọ́rùn, rọ́bà táyà la fi dì í. Ọ̀kadà ẹ̀ka wa ò ní táyà ẹ̀yìn. Tí mo bá ń lọ yẹ ilé wò, owó àpò mi ni mo fi ń wọ máíkírà. Ìwé ìkìlọ̀ tí à ń fún onílé tí kò ní ṣáláńgá, àwa fúnra wa la ń dá owó fọ́tòkópì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, tí kọ́lẹ́rà bá bẹ́ sílẹ̀ lágbègbè wa, àwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹgbẹ́ wá kọ lẹ́tà pé kí alága jẹ́ ká rí owó tó wọlé àtèyí tó jáde. Èsì tó fún wọn ni pé iṣẹ́ la gbà yín sí, a ò gbà yín pé kẹ́ ẹ wá máa yẹ ìwé owó wò. Ó ní tí ariwo ò bá dáwọ́ dúró, òun á ní kí akápò má yọ owó ẹgbẹ́ mọ́ lára owó oṣù wa, ká wo ohun tí ẹgbẹ́ máa fi rìn. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé ká já ewé sẹ́nu géètì lọ́jọ́ Ajé. Àwọn àgbà ní ká ní sùúrù.

Wọ́n ti mú mi mọ́ àwọn tó máa lọ jókòó pẹ̀lú alága l'Ọ́jọ́bọ̀. Ṣé òótọ́ ni pé owó oṣù lè gbé gbogbo owó káńsù lọ? Ìwé wo gan-an ni ká béèrè, tí kò fi ní lè fi ẹnu yí wa po? Ṣé ó lágbára láti dá owó ẹgbẹ́ dúró? N ò fẹ́ ká débẹ̀ ká kàn máa bínú. Mo fẹ́ ká débẹ̀ ká ní ohun tí a lè nawọ́ sí.

Ìyá Ẹlẹ́wà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ò mọ̀wé ìṣúná, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ewé. Nígbà tí ẹ yanṣẹ́ lódì kẹ́yìn, mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, ilẹ̀kùn wà ní títì. Mo padà lọ, ó ṣì wà ní títì. Ilé alága ní dókítà tiwọn. Ọmọ tèmi ni ò rí abẹ́rẹ́ gbà lásìkò.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé ẹ̀yin àti alága ń fa owó bíi pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ ni ín. Láràárọ̀ ni wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wa lọ́jà, ẹni tó tẹ́ àtẹ ata sílẹ̀ pàápàá ń san. Owó ṣọ́ọ̀bù lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá wa bi í léèrè pé èló ni tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ń pa lóṣù, kí ló sì dé tí a fi ń tẹ omi ìdọ̀tí wọlé ọjà.

Akápò Àná kọ:

Wolé-wolé, mo kí yín, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ alága méjì méjì nígbà tí ẹgbẹ́ bá wá bá wọn fa irú ọ̀rọ̀ yìí. Mo máa là á bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín l'Ábújá lóṣooṣù, ìlànà tó wà nílẹ̀ ni pé ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń mú 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 774 sì ń pín 20.60. Owó VAT ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é bọ̀, ìpín tiyín kì í gba ẹnu géètì káńsù wọlé tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní kó máa wọlé tààrà ní 2024. Abala 162 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsùnwọ̀n kan tí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ máa wọ̀. Ibẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní JAAC, tó ń pín owó àsùnwọ̀n yẹn, ti ń jókòó. Lórí tábìlì yẹn ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì àti tàwọn ọba, kó tó kan káńsù.

Ibi tí alága ti máa yí yín po nìyẹn. Á kó owó tíṣà àti owó ìfẹ̀yìntì pọ̀ mọ́ tiyín, á pe gbogbo rẹ̀ ní "owó oṣù òṣìṣẹ́ mi", á wá fi hàn yín pé kò ku nǹkan kan. Iye yẹn lè jẹ́ òótọ́ o. Orúkọ tó fún un ni kì í ṣe òótọ́. Nítorí náà, ìwé àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa béèrè ni ti JAAC fún oṣù kọ̀ọ̀kan: iye tó jẹ́ tiyín kí wọ́n tó yọ kọ́bọ̀, ohun tí wọ́n yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àti iye tó dọ́wọ́ káńsù. Ìkejì ni àròpọ̀ owó oṣù káńsù yín nìkan, láìsí tíṣà níbẹ̀. Ìkẹta ni ìwé owó tí ẹ̀yin fúnra yín ń pa wọlé, èyí tí Ìyá Ẹlẹ́wà ń sọ yẹn, ti ọjà, ti gáréèjì, ti ibi ìpẹran. Owó yẹn kì í gba JAAC kọjá, torí náà òun ló rọrùn jù láti pa mọ́. Ìkẹrin ni ìwé tí àwa ará ìṣúná ń pè ní vote book, níbi tí wọ́n ti ń kọ iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan àti iye tí wọ́n ti ná níbẹ̀; ojú ewé tí ọkọ̀ wà ni kẹ́ ẹ béèrè, kẹ́ ẹ rí i bóyá àwọn káńsẹ́lọ̀ ti fọwọ́ sí owó ọkọ̀ nínú ètò ìṣúná ọdún, àbí inú owó nǹkan míì ni wọ́n ti fà á yọ. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, inú owó ìmọ́tótó ni wọ́n ti sábà máa ń fà á. Ẹ wo ojú ewé tiyín náà dáadáa.

Ó ní àfikún owó oṣù ló fa gbogbo rẹ̀. Lóòótọ́, owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 30,000 náírà, ó di 70,000 ní 2024, Ọ̀yọ́ sì gbé tirẹ̀ dé 80,000. Ẹrù ńlá ni, n ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, owó tí Àbújá ń pín náà ti lọ sókè gan-an. Alága tó bá ka ti àkọ́kọ́ fún yín tó fo ìkejì, ìdajì ìṣirò ló ṣe. Ilé iṣẹ́ ìṣúná ìjọba àpapọ̀ máa ń gbé iye tó kan ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, orúkọ tiyín wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kẹ́ ẹ tó lọ. Tó bá rí i lọ́wọ́ yín, ohùn rẹ̀ á yàtọ̀.

Ní ti owó ẹgbẹ́, kò lágbára bẹ́ẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló ní kí agbanisíṣẹ́ yọ ọ́ kó sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́. Òṣìṣẹ́ kan lè sọ pé òun ò ṣe ẹgbẹ́ mọ́, torí láti 2005 kò pọn dandan fún ẹnikẹ́ni. Alága ò lè bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ewé wá ń kọ́? Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, torí òfin 2005 yẹn kan náà ní ohun tó bá jẹ mọ́ àdéhùn iṣẹ́ nìkan lẹ lè torí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ti dìbò sí i. Lífù bónọ́ọ̀sì wà nínú àdéhùn iṣẹ́ yín. Ọkọ̀ káńsẹ́lọ̀ ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ síwájú, agbẹjọ́rò rẹ̀ á fọ́ yín sí wẹ́wẹ́ ní ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, n'Ìbàdàn níbí náà ni wọ́n sì ti máa gbọ́ ọ. Òfin sì tún gbà á láyè kó má san owó ọjọ́ tẹ́ ẹ ò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: lífù bónọ́ọ̀sì lẹ fi ń jà, ìwé owó lẹ fi ń béèrè.

Ẹ má sì jẹ́ kó sọ fún yín pé bíbéèrè ìwé owó káńsù jẹ́ àfojúdi. N'Ìbàdàn yìí, ní 1955, ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà gbé ìgbìmọ̀ Nicholson dìde láti wádìí káńsù tí Adégòkè Adélabú, tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, fúnra rẹ̀ jẹ́ alága fún. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1956, Adélabú sì fi ipò náà sílẹ̀. Pẹ̀lú bí àwọn baba wa ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó, wọ́n ṣì jókòó gbọ́ ẹ̀rí. Tí wọ́n bá lè béèrè lọ́wọ́ Pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì, ta ni ẹni tí a ò lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?

Ará Wọ́ọ̀dù kọ:

Mo ń bá káńsẹ́lọ̀ kan ṣiṣẹ́, n ò fi pa mọ́. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ bíi pé wọ́n fi ń gbafẹ́. Wọ́ọ̀dù wa wọ inú oko lọ, tí òjò bá rọ̀, máíkírà ò débẹ̀. Báwo ni káńsẹ́lọ̀ ṣe máa mọ̀ pé afárá ti wó?

Ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́ náà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ káńsù, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń dé, wọ́n á sì ti lọ kí aago kan tó lù. Orúkọ àwọn kan wà nínú ìwé owó oṣù, a ò rí ojú wọn rí. Ṣé ẹgbẹ́ ti kọ lẹ́tà nípa ìyẹn rí?

Wolé-wolé Ìbàdàn kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín o. Akápò, ẹ ṣeun, sà, mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí alága ẹgbẹ́ wa, ó ní ká fa ti ọkọ̀ yọ nínú lẹ́tà náà ká kọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ará Wọ́ọ̀dù, ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín tọ́, n ò ní yẹ̀ ẹ́. Tí orúkọ tí kò lójú bá wà nínú ìwé owó oṣù, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ òjò lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jà lólè, torí owó wọn ni alága ń kà mọ́ wa lọ́rùn. Ẹ bá wa sọ fún ọ̀gá yín kó gbé e dìde ní ìjókòó wọn pé kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo wa mọ́ ògiri, pẹ̀lú ipò àti ẹ̀ka, kí ará àdúgbò wá kà á. Orúkọ tèmi á wà níbẹ̀, ẹ lè wá bi àwọn ará ilé tí mo ń yẹ̀ wò bóyá wọ́n mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lẹ iye ọkọ̀ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá, mo gbọ́ tiyín náà. Màá sọ fún wọn pé lọ́jọ́ yòówù ká yanṣẹ́ lódì, kí àwọn alábẹ́rẹ́ ọmọ má bá wa ti ilẹ̀kùn. N ò lè fi dá yín lójú pé wọ́n á gbà, àmọ́ mo máa sọ ọ́, màá sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ti wà nínú ohun tá a máa béèrè.

Akápò Àná kọ:

Ohun tí Wolé-wolé sọ nípa ògiri yẹn, òfin ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ gbé orúkọ, owó oṣù, ipò àti ọjọ́ ìgbàsíṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ síta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Òun náà lẹ máa fi béèrè ìwé mẹ́rin tí mo kà. Ẹ dárúkọ òfin náà nínú lẹ́tà, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún alága, ọ̀kan fún akápò, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ẹ̀kẹta tí ẹ̀ ń gbé lọ. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn. Tí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí wọ́n dákẹ́, ẹ ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gba ilé ẹjọ́ lọ, torí náà kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ti mọ̀ sí i kó tó di Ọjọ́bọ̀. Tí akọ̀wé bá ní òǹtẹ̀ ò sí nílé, ẹ dúró dè é.