Alùpùpù tó ń kú lábẹ́ mi láàárọ̀ ọyẹ́: bí a ṣe rí ìdí rẹ̀

Iléṣà ni mo ń gbé, Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, alùpùpù ni mo sì ń gùn lọ tí mo ń gùn bọ̀, nǹkan bí 30 kìlómítà ní àlọ nìkan. Kì í ṣe oníkábúrétọ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà ìgboro. 125cc ni, ínjẹ́ktọ̀ ló ń fún un lépo, bíréènì bọ́ọ̀sì ló sì ń pinnu iye epo tí yóò gbà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lágara. Bí mo bá tẹ sítátà láàárọ̀, yóò jí, yóò gbọ̀n bí ẹni òtútù mú, yóò sì kú, àfi bí mo bá lọ́ tọ́rọ́tù díẹ̀ tí mo sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá gbóná tán, wàhálà mìíràn tún dé: bí mo bá dé ibi tí ọkọ̀ há mọ́ ní Lágere, tí mo sì jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù, ohùn ẹ́ńjìnnì yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀, bí ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, títí yóò fi dákẹ́ lójijì. Lọ́jọ́ kan, ó kú níwájú tírélà. N kò gbàgbé ọjọ́ náà.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e tọ̀ mọ kábúrétọ̀ dunjú, n kò sì ní bù ú kù nítorí ohun tó ṣe. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, sílóò rẹ̀ ló wálẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kún un fún yín.” Sílóò ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń rọra yí nígbà tí a kò fọwọ́ kan tọ́rọ́tù. Ó wá yí súkúrù kékeré tó ń dá àwo tọ́rọ́tù, ìyẹn àwo tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó sì ń pa á dé, dúró, èyí tí wọ́n ti fi ọ̀dà sàmì sí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Lóòótọ́, kò kú mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kí n tó dé Òṣú, ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó sì kọ̀, kò wálẹ̀ mọ́: mo jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù pátápátá, síbẹ̀ ó ń ké bí ìgbà tí mo ń sáré. Sẹ́ńsọ̀ kan ló ń sọ ibi tí àwo tọ́rọ́tù wà fún bíréènì bọ́ọ̀sì. Bí a bá fi súkúrù gbé àwo náà sókè, bíréènì lè rò pé ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ṣì wà lórí tọ́rọ́tù, kò sì ní darí sílóò ẹ́ńjìnnì mọ́ bó ṣe yẹ.

Fáàfù kékeré kan, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní idle control, ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá jọ̀wọ́ tọ́rọ́tù, àwo rẹ̀ a pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé, ṣùgbọ́n ihò tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà yí i ká. Orí fáàfù yìí ló ń ṣí ihò náà, òun ló sì ń dín in kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, a sún sẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè pọ̀. Bó bá ti ń gbóná, a máa sún síwájú díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó tàn mí jẹ jù ni pé iná ìkìlọ̀ ẹ́ńjìnnì kò tàn rárá lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì ti fi ìyẹn yọ fáàfù kúrò nínú ẹ̀bi. Bàbá rẹ́ẹ̀wáyà kan ní àdúgbò wa ló là mí lójú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, wáyà ni bíréènì ń yẹ̀ wò, kò rí ẹ̀dú.” Bí wáyà fáàfù bá já, tàbí tí iná kò dé ibẹ̀, bíréènì yóò mọ̀, yóò sì tan iná náà. Lára ọ̀pọ̀ Honda tó ń lo ínjẹ́ktọ̀, kí iná náà tàn pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó sì tàn fírí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ìyẹn 29, ni àmì fáàfù yìí. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá pé, tó jẹ́ pé ẹ̀dú ló há orí fáàfù mọ́, iná lè má tàn láé.

Síbẹ̀, Bàbá kò gbà kí n tú fáàfù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n fi mítà wọn bátìrì, wọ́n yọ fílítà afẹ́fẹ́, eruku pupa sì dà jáde lára rẹ̀. Wọ́n wo wáyà tọ́rọ́tù bóyá ó le jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń fín omi díẹ̀díẹ̀ sí ara rọ́bà tó so ọ̀nà afẹ́fẹ́ mọ́ sílíndà, tí wọ́n sì tẹ́tí sílẹ̀. Bí ohùn bá yí padà, a jẹ́ pé rọ́bà ti sán, afẹ́fẹ́ tí a kò ránṣẹ́ sí ń yọ́ wọlé. Wọ́n ní oníbàárà àwọn kan ti ra fáàfù tuntun rí, tó jẹ́ pé rọ́bà yìí ni kò dára. Tèmi kò yí ohùn padà.

Ìgbà náà ni a tó tú u. Orí fáàfù náà kò ju ìka ọmọdé lọ, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹ̀dú olóròóró sì ti dì mọ́ etí rẹ̀ yíká. Bàbá jẹ́ kí wáyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára rẹ̀, wọ́n ní kí n ṣí kọ́kọ́rọ́: ó dún wíín, ó sún díẹ̀, ó há, ó sì fò lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi ojú ara mi rí ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gòkè sọ̀ ní Lágere. Kílínà kábúrétọ̀ tí wọ́n fín sí aṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni wọ́n fi nù ún. Wọn kò jẹ́ kí n fi irin họ ọ́. Kí wọ́n tó dá a padà, wọ́n rọra yí orí rẹ̀ wọlé bí ọwọ́ aago ṣe ń yí títí ó fi jókòó, láìfi agbára tì í. Wọ́n sì dá súkúrù padà títí ọ̀dà tó ti ya sí méjì fi bára mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ ṣì mú. Mo tẹ sítátà láìfọwọ́ kan tọ́rọ́tù. Ọwọ́ mítà tó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí gòkè, ó dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì ń sọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń móoru, títí ó fi fìdí kalẹ̀ sórí ìyípo 1,400 ní ìṣẹ́jú kan tí ìwé alùpùpù náà kọ. Mo gbé e gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì àkọ́kọ́, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ibi tí fáàfù wà fún ìgbà pípẹ́, ó ní bí a bá tún fẹ́ tú u, kí n jọ̀wọ́ pe òun.