Ìbéèrè: Kí ni wọ́n máa ń ṣe fún ènìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ chiropractor?

Ẹni tó béèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ọjọ́ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà mi, n kò sì lè nàró padà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jókòó pẹ́, ìrora náà á gba ìdí ọ̀tún sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀yìn itan, ẹsẹ̀ náà á sì máa rìn mí bí ẹni pé èèrà ń lọ lábẹ́ awọ. Dókítà tí mo rí fún mi ní oògùn ìrora, ó sì ní kí n má máa jókòó sójú kan. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá ní kí n lọ rí chiropractor, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ara. Mo ti gba ọjọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn fídíò tí mo wò, níbi tí wọ́n ti ń yí ọrùn ènìyàn lójijì tí ó sì ń dún pà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé bí mo bá ṣe wọlé ni wọ́n máa ní kí n dùbúlẹ̀, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí? Ṣé ó máa ń dùn? Irú aṣọ wo ni kí n wọ̀? Ṣé mo sì lè sọ pé n kò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọrùn mi? N kò tíì pé ogójì ọdún, kò sì sí àìsàn mìíràn lára mi tí mo mọ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yìn náà ló gbé èmi lọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Kò sí ẹni tó ní kí n dùbúlẹ̀ bí mo ṣe wọlé. Nǹkan bíi wákàtí kan ni mo lò, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tí oníṣègùn náà fi ń bi mí ní ọ̀rọ̀ tí ó sì ń yẹ̀ mí wò.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, kí n kọ àìsàn tó ti ṣe mí rí, iṣẹ́ abẹ, ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí ìṣubú, gbogbo oògùn tí mò ń lò, àti bóyá mo lóyún. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun pamọ́ níbẹ̀, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí pé ohun tí ẹ bá kọ ni yóò fi mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò gbọdọ̀ dán wò. Lẹ́yìn náà ni a jókòó. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, kí ni mò ń ṣe lọ́wọ́, ibo ni ìrora ń gbà lọ, kí ló ń mú un le, kí ló ń mú un rọ̀, ṣé ó máa ń jí mi lójú oorun? Ó béèrè bóyá mò ń rù láìmọ ìdí, bóyá ara mi ń gbóná, àti bóyá mo ṣì ń mọ ìgbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí. Ìyẹn yà mí lẹ́nu, torí pé ẹ̀yìn ni mo bá wá, kì í ṣe ìtọ̀, àfi ìgbà tó ṣàlàyé pé irú àmì bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún òun pé kí òun má fọwọ́ kan aláìsàn, kí òun tètè ní kó máa lọ sí ilé ìwòsàn.

Àyẹ̀wò ló kàn. Ó ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀, kí n fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn, kí n sì fi gìgísẹ̀ rìn. Ó ní kí n tẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì, ó sì ń ṣọ́ ibi tí mo ti ń ṣe jẹ́jẹ́. Ó fi òòlù kékeré olórí rọ́bà gbá abẹ́ orúnkún mi àti òkè gìgísẹ̀ láti wo bí ẹsẹ̀ ṣe ń ta. Nígbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀, ó di gìgísẹ̀ mi mú, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà, díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi, ó ń bi mí pé, “Níbí ńkọ́? Níbí ńkọ́?” títí mo fi sọ pé ó tó. Ó ní òun ń wò ó bóyá nǹkan ń tẹ iṣan ìmọ̀lára tó ti ẹ̀yìn wọ ẹsẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n dá ihò sí níbi orí kí ènìyàn lè máa mí dáadáa, ó sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tọ eegun ẹ̀yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló tó sọ ohun tó rí fún mi, tó sì béèrè bóyá mo gbà kí òun tọ́jú mi lọ́jọ́ náà. Mo gbà. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n na ẹsẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, kí n ká tòkè, ó yí èjìká mi sẹ́yìn díẹ̀, ó ní kí n mí jáde, ó sì ti ìdí mi síwájú lẹ́ẹ̀kan. Ó dún. Kí n tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Kò dùn mí nígbà náà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ara ń ro mí bí ẹni tó rìn ní àrìnjù, ó sì lọ fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ kẹta tó parí.

Oníṣẹ́ Fisiotẹ́rápì

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú ara tó ń dùn, n kì í ṣe chiropractor, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn ni àwa àti wọn jọ ń tọ́jú. Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ni bí ìbẹ̀wò tó dára ṣe yẹ kó rí.

Ariwo tó ń bà yín lẹ́rù yẹn kì í ṣe eegun tó ń fọ́, kì í sì í ṣe eegun tó yẹ̀ tó ń padà sí àyè rẹ̀. Omi kan wà nínú oríkèé tó ń jẹ́ kí eegun lè máa yọ̀ lórí ara wọn. Bí a bá fa oríkèé náà lójijì, àyè gáàsì á ṣí nínú omi náà, ìgbà yẹn ló sì ń dún, gẹ́gẹ́ bí ìka ọwọ́ ṣe máa ń dún bí a bá fà á. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, wo oríkèé ìka bí wọ́n ṣe ń fà á, wọ́n sì rí àyè náà tó ṣí ní àkókò tó dún gan-an. Nítorí náà, bí kò bá dún, kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú náà kò mú nǹkan wá.

Ìtàn iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì, torí ó ní ohun tó ń ṣe sí ìbéèrè tí ẹ máa bi oníṣègùn yín. Ọdún 1895 ni D. D. Palmer dá a sílẹ̀ ní ìlú Davenport ní Amẹ́ríkà, èrò rẹ̀ sì ni pé eegun ẹ̀yìn tó kúrò ní àyè rẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àìsàn ènìyàn. Àwọn kan nínú wọn ṣì di èrò yẹn mú, àwọn mìíràn ti fi í sílẹ̀, wọ́n gbájú mọ́ ìrora ẹ̀yìn, ọrùn àti oríkèé. Ẹ bi í léèrè ohun tó gbà pé ọwọ́ òun lè wò. Fún ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ẹ̀rí wà: American College of Physicians, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà, ka fífi ọwọ́ tọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́ ìtọ́jú aláìlóògùn tí a lè kọ́kọ́ lò, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017. Àǹfààní rẹ̀ mọ níwọ̀n, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ti eré ìdárayá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ fún yín pé òun á fi eegun ẹ̀yìn wo ikọ́ fée tàbí àìsàn etí, kò sí ẹ̀rí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dìde ẹ máa lọ.

Ní ti ọrùn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ kó bínú sí yín nítorí rẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ gba inú ọrùn kọjá. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ wọ́n ti rí àwọn tí ara òpó yẹn ya lẹ́yìn tí wọ́n yí ọrùn wọn lójijì, tí ó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń dùn yín, n kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa yí ọrùn yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tí eegun wọn ti ń jẹrà tàbí tí jẹjẹrẹ wà nínú eegun wọn, àwọn tí eegun wọn ṣẹ́, àti àwọn tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi agbára ti ẹ̀yìn wọn láìjẹ́ pé dókítà wọn mọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn kí ọjọ́ náà tó pé. Bí ìtọ̀ bá ń dá yín dúró tàbí tó ń já bọ́ láìmọ̀, bí abẹ́ àti àárín itan bá kú tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tàbí bí ẹsẹ̀ bá ń rọ lójijì, ẹ má dúró de chiropractor kankan. Ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Àgbà

Ọmọ mi, mo ti ka ohun tí wọ́n sọ, òótọ́ ni. Èyí tí èmi fẹ́ fi kún un ni ọ̀rọ̀ owó. Níbi kan tí mo lọ, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn mí, wọ́n ti yàwòrán X-ray gbogbo ẹ̀yìn mi, wọ́n fi àmì pupa sí i káàkiri, wọ́n sì gbé ìwé wá pé kí n san owó ìbẹ̀wò 40 lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n lè bá mi dín in kù. Mo fọwọ́ sí i, torí àwòrán náà ti dẹ́rù bà mí. Ọkàn mi kò gbà á títí dòní. Bí wọ́n bá gbé irú rẹ̀ wá fún ọ, sọ pé o fẹ́ lọ rò ó. San owó ọjọ́ kan, kí o wo bí ara ṣe rí lẹ́yìn ìbẹ̀wò bíi mélòó kan. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, béèrè ohun mìíràn.

Oníṣẹ́ Fisiotẹ́rápì

Bàbá, ẹ ṣeun. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tó ń dùn ló nílò X-ray. Ìṣubú, ìjàǹbá, tàbí àmì àìsàn ńlá ló ń mú un pọn dandan.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá, mo ti gbọ́ o, n kò ní fọwọ́ sí ìwé kankan. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, aṣọ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

Aṣọ tó rọ̀, tí kò fún yín, tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má wọ bẹ́líìtì onírin, ẹ má sì kó nǹkan sínú àpò. Ibòmíràn, wọ́n á fún yín ní aṣọ tó ṣí lẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan bá yín wọlé, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó béèrè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti lọ, mo sì ti dé. Mo kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé n kò fẹ́ kí wọ́n yí ọrùn mi. Nígbà tí oníṣègùn náà kà á, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó ní kò sí wàhálà. Bí ẹ ṣe wí gan-an ló rí: ìbéèrè, ìrìn, òòlù. Orúnkún mi méjèèjì ta dáadáa. Òkè gìgísẹ̀ òsì ta, ṣùgbọ́n nígbà tó kan tọ̀tún, kò fi bẹ́ẹ̀ mira. Ó ní kí n kúnlẹ̀ lórí àga, kí ẹsẹ̀ mi rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Bó sì ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sókè, kò tíì ga rárá tí ìrora fi ta dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù.

Kò ti ẹ̀yìn mi rárá lọ́jọ́ náà. Ó ní ó jọ pé nǹkan ń tẹ iṣan ìmọ̀lára kan, àti pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí dókítà kọ́kọ́ mọ̀ sí i. Ó fi ọwọ́ tú ẹran ìdí mi tó le, ó kọ́ mi ní ìdárayá méjì tí n ó máa ṣe láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ó sì kọ lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. N kò gbọ́ ariwo kankan tí mo fi jáde níbẹ̀. Ọ̀la ni mo ń mú lẹ́tà náà lọ bá dókítà.