Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni mo lè fi kọ sọ́fítíwíà ṣọ́ọ̀bù tó máa ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Linux?

Adéṣọlá: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ní kí n bá òun ṣe sọ́fítíwíà tí á máa ka ọjà, tí á sì máa tẹ rìsíìtì. Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà ìtajà, Linux ni ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń lò. Visual Basic 6 (VB), èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti Windows, ni mo fi kọ́ṣẹ́: fa bọ́tìnnì sójú fọ́ọ̀mù, tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kọ kóòdù sídìí rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, nítorí náà mi ò fẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Owó láísẹ́ǹsì ò sí nílẹ̀ o.

Bàbá Ìbejì: Lo Lazarus, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà ní èdè Pascal. Ọ̀fẹ́ ni, Free Pascal, tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Bó o ṣe ń ṣe é ní VB náà lo máa ṣe é níbẹ̀. Láti 1999 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 1.0 jáde ní 2012, kì í ṣe nǹkan àná. O lè ta ohun tó o bá fi kọ láì fi kóòdù rẹ han ẹnikẹ́ni.

Tóbi: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, Delphi tí òun náà ń lo Pascal ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀dà rẹ̀ tó ń jẹ́ Community Edition fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò bá tíì ju 5,000 dọ́là lọ.

Bàbá Ìbejì: Community Edition kì í ṣe sọ́fítíwíà fún Linux, Tóbi. Ẹ̀dà olówó gọbọi ló ń ṣe é.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà: Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Gambas ló jọ VB jù, ṣùgbọ́n Linux nìkan ni tiẹ̀. Lazarus lèmi náà ń lò. Adéṣọlá, má fojú wọn ibi tí bọ́tìnnì máa wà o. Lẹ́tà Linux àti ti Windows kì í sábà gba àyè kan náà, kí "Fi pamọ́" má baà di "Fi pam". Anchor Editor (tó ń so bọ́tìnnì mọ́ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀) àti AutoSize (tó ń jẹ́ kí bọ́tìnnì fẹ̀ tó ọ̀rọ̀ rẹ̀) ni kó o lò. Orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni kó o sì ti kọ́ńpáìlì tirẹ̀ (kó o sọ kóòdù di sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́), ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ̀rọ méjèèjì ló máa kọ nǹkan sínú dátábéèsì lẹ́ẹ̀kan náà?

Adéṣọlá: Bẹ́ẹ̀ ni, mà. SQLite, dátábéèsì tó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, ni mo ní lọ́kàn, kí n gbé fáìlì rẹ̀ sínú fódà tí àwọn méjèèjì á máa ṣí.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà: Rárá o! SQLite dáa lórí ẹ̀rọ kan. Bí o bá gbé e sínú fódà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí èèyàn méjì ń kọ ọ́, ó lè bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Fi PostgreSQL, dátábéèsì tí ẹ̀rọ púpọ̀ lè jọ máa lò, sórí ẹ̀rọ ìtajà. TSQLQuery (ohun tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì) tó o ti kọ ò ní yí padà púpọ̀, TSQLite3Connection tó ń so ọ́ mọ́ SQLite ni wàá fi TPQConnection ti PostgreSQL rọ́pò.

Adéṣọlá: Ẹ ṣé gan-an, mà. Orúkọ oníbàárà ńkọ́? Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ "Sola", "Ṣọlá" lòun fẹ́.

Bàbá Ìbejì: UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó gba lẹ́tà Yorùbá, ni Lazarus ń lò, á gbé e. Àmọ́ ṣọ́ra fún Length, àṣẹ tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gùn tó: báìtì ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. "ọ́" kan ṣoṣo, 5 ló máa sọ fún ọ. UTF8Length pàápàá á pè é ní 2, torí àmì orí rẹ̀ dá dúró. Tó o bá ń fi iye yẹn to rìsíìtì, ìlà tí owó wà ò ní tò gún. Fi Printer.Canvas, ojú ìwé tí Lazarus ń kọ nǹkan sí fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tẹ̀ ẹ́, kó o lo TextWidth láti fi mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Tóbi: Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wò ó bóyá fọ́ǹtì yẹn ní ẹ, ọ àti ṣ. Àìmọye fọ́ǹtì ni kò ní wọn.