Kì í ṣe igbó iwin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ka àbá yín àná, pé kí a pe àwọn igbó etí òkun tí omi iyọ̀ ti pa ní "igbó iwin" (ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ghost forest) nínú àlàyé àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀ máàpù. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn.

Bí Yorùbá bá gbọ́ igbó iwin, ibi tí iwin ń gbé ló máa wá sí i lọ́kàn: òkùnkùn biribiri, igi tó ṣíji bo ọ̀nà. Ẹ wo àwòrán àwọn igbó etí òkun North Carolina ní Amẹ́ríkà. Gbangba ni, oòrùn ń ta síbẹ̀. Igi dúró gbọin, èèpo ti bọ́ lára rẹ̀, ó funfun bí egungun, kò sí ewé kan lórí rẹ̀. Koríko omi iyọ̀ ló kún ìdí rẹ̀. Iwin wo ló máa gba irú ibẹ̀ nílé?

Ẹnì kan tún dá "igbó àkúdàáyà" lábàá. Ìyẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni tó kú tó tún ń gbé ìlú mìíràn là ń pè bẹ́ẹ̀, igi wọ̀nyí kò sì lọ síbì kankan. (Bí igbó náà bá ń hù díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ibẹ̀, bó ṣe máa ń rí nígbà mìíràn, ìyẹn gan-an ni àkúdàáyà!)

Bí igi náà ṣe kú ni kí a wò. Òkun kì í dédé bò ó. Bí ojú òkun ti ń gòkè, iyọ̀ á máa yọ́ wọ inú ilẹ̀. Igi kéékèèké ló ń kọ́kọ́ kú. Àwọn àgbà igi á wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, wọn ò ní arọ́pò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dá tàbí ìjì á wá parí rẹ̀, bí ìjì Irene ti ọdún 2011 ṣe ti omi òkun wọ ilẹ̀ tí ọ̀dá ti gbẹ. Orí ìdúró ni igi kú sí. Nítorí náà, "igbó àdúrókú" ni tèmi. Ẹ lè ní igi tí iná tàbí kòkòrò pa náà dúró kú. Òótọ́ ni. Kí máàpù kọ "àdúrókú oníyọ̀", ó tán.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, "gíga ilẹ̀". Rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wọn nǹkan) tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ ayé láti ojú òfuurufú ní oṣù Kejì ọdún 2000 kì í sábà rí ilẹ̀ níbi tí igbó bá ti dí. Ewé àti ẹ̀ka ló ń bá pàdé. Máàpù á wá sọ pé ilẹ̀ ga, igi ló ga, ewu òkun á sì dà bí ohun tó kéré. Ẹ jẹ́ ká ya "gíga ilẹ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "gíga orí igi", kódà bí àyè bá há.

Ní ti "igbó òjò" (rainforest lédè Gẹ̀ẹ́sì), ẹgàn ni mo ń lò ní tèmi. Ẹ ṣáà fi àmì sí i dáadáa, kó má di ẹ̀gàn.