Ojú ò dun bàbá mi rí

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ ní kí ẹni tí àrùn ojú ti wọlé wọn rí wá sọ bó ṣe rí. Ó ti wọ tiwa.

Dẹ́rẹ́bà ni bàbá mi. Ọdún 31 ló fi ná Ìbàdàn sí Èkó, kò sì gbá ẹnikẹ́ni rí. Ìgbà tó fi mọ́tò sílẹ̀ ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé. Ọmọ aládùúgbò wa kan dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́nà mọ́ṣáláṣí, bàbá kọjá bí ẹni pé igi ló wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà bínú dé ilé wa, ó ní kí ni ọmọ òun fi ṣẹ Àlàájì. Bàbá búra pé òun ò rí ẹnikẹ́ni. Mo rò pé irọ́ ló ń pa, kí Ọlọ́run forí jì mí.

Tí a bá gbé ife omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ lápá òsì, ọwọ́ ló máa fi gbá a dànù. Bẹ́ẹ̀ ó ń fi gíláàsì ìkàwé rẹ̀ ka Aláròyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyẹn gan-an ló tàn wá. Ẹni tó ń ka lẹ́tà wínníwínní, ta ló máa sọ pé ojú ń kú lọ lára rẹ̀? Kò dùn ún, kò pọ́n, kò ṣe ipin.

Èmi ni mo fà á lọ sí ọsibítù. Ó ka lẹ́tà ara ògiri dé ìlà tó ṣìkejì ìparí, ó wá yí wò mí tìṣẹ́gun-tìṣẹ́gun. Ẹ̀rọ kan fẹ́ atẹ́gùn fúù sí i lójú láti wọn agbára tí omi inú rẹ̀ fi ń tì í. Ojú òsì 34, ọ̀tún 29. Dókítà ní láàárín 10 sí 21 ló yẹ kó wà. Omi inú ẹyinjú ni kò rọ́nà ṣàn jáde dáadáa, ó wá ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà ń kú díẹ̀díẹ̀, ìríran sì ń run láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Glaucoma ni wọ́n ń pè é.

Wọ́n wá ní kó gbé àgbọ̀n lé irin kan, kó máa tẹ bọ́tìnì tó bá ti rí iná bíńtín tó tàn. Mo ń gbọ́ bọ́tìnì náà, kọ́, kọ́. Ó dákẹ́. Ó pẹ́. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Kò sùn, iná ń tàn, kò rí i ni. Nínú bébà tí wọ́n tẹ̀ jáde, ojú òsì dúdú yíká, àárín nìkan ló mọ́. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Àṣé mi ò ní dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́." Mo fẹ́ ṣírò iye ọdún tó ti ń fi ojú bẹ́ẹ̀ gbé èrò ọkọ̀, mo pa á tì. Ìṣirò yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Oògùn ló wá le jù. Dókítà ò fi bò: èyí tó ti lọ ò ní padà, oògùn olómi tó ń kán sójú lálaalẹ́ yẹn kàn fẹ́ di ìyókù mú ni. Bàbá fi í sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, kò sọ fún wa. "Oògùn tí mò ń lò tí mi ò ríran sí i, irú oògùn wo nìyẹn?" Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́, àwa náà ò bi í. Oṣù mẹ́rin yẹn gbé díẹ̀ lọ lára ojú ọ̀tún.

Àrùn yìí máa ń tọ ìdílé lẹ́yìn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀. Àwa ọmọ mẹ́rin lọ yẹ ojú wò. Tèmi jẹ́ 26. Ọmọ ọdún 38 ni mí.

Ìyá Ìbejì:

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá, àbúrò mi. Ti màmá mi, gbogbo ayé ló ń rí i, ẹyinjú funfun bí omi ògì. Cataract ni, dígí inú ẹyinjú ló ṣú. A ti ń tu owó iṣẹ́ abẹ jọ kí ẹ̀gbọ́n wa tó lọ mú àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún ojú kiri wá. Kò pẹ́ rárá, màmá ní òun ń rí ìka. A pa adìyẹ! Wọn ò yọ nǹkan kan o. Wọ́n kàn ti ohun funfun yẹn ṣubú sẹ́yìn nínú ẹyinjú ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú wú, ó ń ta á bí iná. Ojú yẹn lọ.

Èkejì la gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n yọ dígí tó ti ṣú, wọ́n fi tuntun oníke sípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, ó wo ìró mi, ó ní, "Àdìrẹ rẹ yìí, aró rẹ̀ mú o!" Ọdún mélòó ló ti ń pè é láṣọ dúdú. Ó gbójú sókè: "Háà! O ti hu ewú." Ẹ ò rí ìyá yìí.

Ọmọ Ọ̀yọ́:

Tèmi kéré, Àpólò ni. Ojú pọ́n bí ata, ipin lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀. Ìyá àgbà ní ọdún 1969 tí àwọn òyìnbó gun òṣùpá ló dé, ìdí orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kí n fi ìtọ̀ fọ̀ ọ́, mo sá. Ọ̀rẹ́ mi tó da àgbo sí i ò sá. Àpá funfun wà lẹ́yinjú rẹ̀ dòní.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà, ṣé ikọ́ fée ò ṣe ọ́? Oògùn ìkánsójú bíi timolol máa ń gba ojú wọ inú ara, ó lè gbé èémí ẹni tó ní in. Mo ti rí ìyá kan tí wọn ò bi léèrè kí wọ́n tó fún un, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ tó tètè gbé e dé. Tí o bá sì kán an tán, dijú, fìka tẹ igun ojú níbi imú fún bí ìṣẹ́jú méjì.

Ọmọ Dẹ́rẹ́bà:

Ẹ ṣé gan-an, mà. Kò ṣe mí rí, kò ṣe bàbá náà. Ti igun ojú yẹn, ẹnì kan ò sọ ọ́ fún wa rí. Alẹ́ àná la bẹ̀rẹ̀, èmi àti bàbá lórí àga kan náà ní aago mẹ́sàn-án, oníkálùkù fìka tẹ imú bí ẹni tí òórùn ń yọ lẹ́nu. Màmá rẹ́rìn-ín títí.

Ọmọ aládùúgbò yẹn náà ti mọ̀ báyìí. Á kọ́kọ́ yí síwájú Àlàájì kó tó dọ̀bálẹ̀.