Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìnrìn àjò dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ ní Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sọ tiyín

Àlejò Ìlọrin: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Sátidé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ dé ọjà Ìtòkú. Ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti Èkó, mo sọ̀ ní Láderin, mo wọ takisí wọ ìlú. Èrò ń wọ́ tìrítìrí. Aṣọ kan wù mí, mo ti ń kawó ni màmá tó ń tà á bá di ọwọ́ mi mú: "Ọmọ mi, kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀rọ ló tẹ èyí." Ó yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ó wá fa ẹlẹ́kọ kan, àdìrẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya, yọ lábẹ́ ẹrù. Òórùn ẹ̀lú ṣì wà lára rẹ̀, mo sì rí ibi tí ìyẹ́ adìẹ ti gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ya á. Mo ra méjì.

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á bù kún àtẹ màmá yẹn.

Ọmọ Aláró: Omi bọ́ lójú mi. Aláró ni ìyá ìyá mi, ní Kémta. Tí aṣọ bá ti inú ìkòkò aró jáde, bí ewé ló máa ń rí. Ojú ẹ báyìí ni afẹ́fẹ́ máa ti sọ ọ́ di aró. Wọ́n á rì í, wọ́n á sá a, wọ́n á tún rì í, títí á fi dúdú. Ẹni tó ń pe ti ẹ̀rọ ní àdìrẹ ń gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ìyá wa.

Ará Mókọ́lá: Ẹ rọra o. Ti ẹ̀rọ la fi ṣe aṣọ ẹbí ogójì èèyàn. Owó ẹlẹ́kọ ogójì dà?

Ọmọ Aláró: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rà á, mi ò bá yín jà. Kẹ́ni tó ń tà á ṣáà pè é lórúkọ rẹ̀ ni mo wí, bíi ti màmá yẹn.

Àyọ̀kẹ́: Tèmi ṣí, ó ba búláòsì funfun mi jẹ́. Ṣé ojúlówó máa ń ṣí ni?

Ìyá Ìbejì: Aró gidi a máa ṣí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sá a síbi tí oòrùn ò dé.

Àyọ̀kẹ́: Fínígà ni wọ́n ní kí n lò.

Ìyá Ìbejì: Omi tútù la bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa.

Bàbá Ṣadé: Ẹ ò tiẹ̀ dé ọjà Láfẹ́nwá lọ ra ìrẹsì Ọ̀fàdà?

Àlejò Ìlọrin: Òkúta inú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù, sà.

Bàbá Ṣadé: Ṣà á lórí àtẹ, kó o tún fi igbá méjì ṣẹ́ ẹ nínú omi.

Ará Mókọ́lá: Àlejò, apá ibo ni màmá yẹn wà? Ìyàwó mi ní ká lọ Sátidé tó ń bọ̀.